Ta Ni Oníjó Ń Dá Lóhùn? Ìtàn Ijó Ìdìmú ní Ìlú Èkó

Bí ọ̀rọ̀ bá dé orí ijó tí ọkùnrin àti obìnrin ń di ara wọn mú jó, ẹnu kì í kò láàárín àwọn Yorùbá. Àwọn kan á ní ijó òyìnbó ni, pé kò bá ìwà ọmọlúàbí mu, àti pé láti ìgbà tí ó ti wọ̀lú ni ojú àwọn èwe ti là sí ohun tí kò yẹ kí wọ́n rí. Àwọn mìíràn ẹ̀wẹ̀, pàápàá àwọn arúgbó tí wọ́n jẹ́ akọ̀wé tàbí olùkọ́ ní Èkó àti Ìbàdàn nígbà tí Nàìjíríà gba òmìnira, á mí kanlẹ̀, wọ́n á ní ijó ti tán láyé, pé ohun tí àwọn ọmọ ìwòyí ń jó kò yàtọ̀ sí eré ìdárayá. Apá kìn-ín-ní ń sọ pé àlejò ni ó ba ilé jẹ́. Apá kejì ń sọ pé onílé ni ó lé àlejò rere lọ. Ìtàn kò dá ẹnikẹ́ni nínú wọn láre pátápátá, nítorí pé ijó náà kò dúró sí ojú kan rí. Ohun tí ó yẹ kí á máa ṣọ́ bí ìtàn náà ti ń lọ ni ẹni tí oníjó ń dá lóhùn.

Nínú ijó ìbílẹ̀ Yorùbá, ìlù ni oníjó ń dá lóhùn. Onídùndún á ki ẹni tí ó bọ́ sí agbo, á pe orúkọ baba rẹ̀, á bá a ṣẹ̀fẹ̀, á pa òwe fún un; oníjó náà á sì fi èjìká, ìdí àti ẹsẹ̀ fèsì. Bí onílù bá gé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kúrú, ẹsẹ̀ oníjó gbọ́dọ̀ gé pẹ̀lú rẹ̀. Nínú ijó bàtá ni èyí ti hàn jù, níbi tí oníjó tí ó bá ṣi ìlù gbọ́ lẹ́ẹ̀kan péré ti lè di ẹni ẹ̀rín. Ọkùnrin àti obìnrin lè wà nínú agbo kan náà, tọkọtaya sì lè jọ jó lọ síwájú onílù lọ́jọ́ ayẹyẹ wọn, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọkọ kò sí ní ìbàdí aya. Kókó kan wà níhìn-ín tí àwọn tí ń bu ẹnu àtẹ́ lu ijó òyìnbó kì í sábà rántí, tí àwọn tí ń yìn ín kì í sì í rántí rárá: obìnrin Yorùbá kì í jókòó de ọkùnrin kí ó tó jó. Bí ìlù bá ti pe orúkọ rẹ̀, ó ti dìde nìyẹn.

Èkó ni ijó ìdìmú ti fi ẹsẹ̀ múlẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá. Lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn àgbá fọ́ ìlú náà ní 1851, tí wọ́n sì fi í sábẹ́ ìjọba wọn ní 1861, àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n ti kó lẹ́rú lọ, àti àwọn tí wọ́n bí sí òkèèrè, ń padà bọ̀ ní ọ̀wọ̀ọ̀wọ́: àwọn Sàró láti Sierra Leone, àwọn Àgùdà láti Brazil àti Cuba. Àwọn Àgùdà mú ìlù samba onígun mẹ́rin bọ̀ pẹ̀lú ìdán ọjọ́ ọdún wọn. Àwọn Sàró ní tiwọn mú ìwé, dùùrù àti àpèjẹ alẹ́ bọ̀. Ìwé ìròyìn ti ń jáde ní Èkó nígbà náà. The Lagos Times bẹ̀rẹ̀ ní 1880, The Lagos Observer sì tẹ̀ lé e ní 1882. Ìròyìn ijó alẹ́ àwọn ọlọ́lá kò ṣàjèjì nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń jó quadrille, tí tọkọtaya mẹ́rin fi ń dúró ní igun mẹ́rin kọjú sí ara wọn. Wọ́n ń jó polka. Wọ́n sì ń jó waltz. Ẹ sáà fi ojú inú wo ọkùnrin tí ó wọ kóòtù dúdú dé orúnkún nínú ooru Èkó, láìsí fáànù iná mànàmáná, tí ó ń yí obìnrin ká gbọ̀ngàn.

Nígbà tí ó fi di àwọn ọdún 1890, àwọn kan nínú àwọn ọ̀mọ̀wé wọ̀nyí ti ń bi ara wọn léèrè ohun tí wọ́n ń fi ìwà àjèjì ṣe. David Vincent, oníwàásù ìjọ Onítẹ̀bọmi, yí orúkọ rẹ̀ padà sí Mojola Agbebi ní 1894, aṣọ ìbílẹ̀ ni ó sì ń wọ̀. Ṣùgbọ́n ó rọrùn láti pa orúkọ dà ju kí á pa ẹsẹ̀ tí ó ti mọ waltz dà lọ. Ijó alẹ́ kò dáwọ́ dúró.

Ẹni tí ó bá sì fẹ́ fi ẹ̀sùn ìṣekúṣe kan àwọn Gẹ̀ẹ́sì nítorí ìdìmú yìí gbọ́dọ̀ mọ̀ pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì pàápàá ti fi ẹ̀sùn kan náà kan ẹlòmíràn. Ní 1816, nígbà tí wọ́n jó waltz níbi àpèjẹ ọmọ ọba tí ó ń ṣe adelé fún baba rẹ̀ ní London, ìwé ìròyìn The Times bínú gidigidi. Ó ní ijó àjèjì tí kò bójú mu ni, ó sì kìlọ̀ fún àwọn òbí kí wọ́n má jẹ́ kí ọmọbìnrin wọn jó o. Láti ọ̀dọ̀ àwọn ará Jámánì àti Austria ni ó ti dé ọ̀dọ̀ wọn. Ṣáájú rẹ̀, ijó àwọn ọlọ́lá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ti ìfọwọ́kan díẹ̀ àti ìtẹríba púpọ̀. Nítorí náà, nígbà tí àwọn Sàró fi ń jó waltz ní Èkó gẹ́gẹ́ bí àmì ọ̀làjú, kò tíì pé ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn tí wọ́n ń wò kọ́ṣe ti ń pariwo lé e lórí.

Kí wá ni adùn rẹ̀ tí ó fi borí ariwo? Ọwọ́ ọ̀tún ọkùnrin wà lẹ́yìn obìnrin, nísàlẹ̀ egungun èjìká. Ọwọ́ òsì rẹ̀ di ọ̀tún obìnrin mú. Kò sí ẹni tí ń sọ̀rọ̀. Bí ọkùnrin bá fẹ́ yà, kì í fi ọwọ́ tì í. Ara rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ tẹ̀ díẹ̀, obìnrin á sì ti mọ̀ kí ẹsẹ̀ tó kúrò nílẹ̀. Ẹ̀yìn ni obìnrin ń rìn sí lọ́pọ̀ ìgbà, sí ibi tí kò rí, láàárín ọ̀pọ̀ ènìyàn tí gbogbo wọn ń yí gbọ̀ngàn ká sí apá kan náà. Ẹni tí ń wòran á rò pé ọkùnrin ni ó ń jó, tí obìnrin kàn ń tẹ̀ lé e. Àwọn tí wọ́n ti jó o mọ̀ pé ìgbọ́ràn obìnrin ni ó ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ọkùnrin ní ìtumọ̀, àti pé ọkùnrin tí kò gbọ́ ohun tí ara obìnrin ń sọ padà yóò tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ láìpẹ́. Ìlù wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ki ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó wà lọ́wọ́ oníjó ni oníjó ń dá lóhùn. Nínú ijó Yorùbá, ohun tuntun ni èyí, kì í sì í ṣe ohun kékeré.

Síbẹ̀, ìlẹ̀kùn gbọ̀ngàn kò ṣí fún gbogbo ayé. Láti etíkun Gold Coast, tí ó di Ghana ní 1957, ni ohun tí yóò ṣí i ti wá. Yebuah Mensah, ẹ̀gbọ́n E. T. Mensah afunfèrè, sọ bí orúkọ highlife ṣe bẹ̀rẹ̀ ní àwọn ọdún 1920: àwọn tí kò lè san owó ìwọlé, tí wọn kò sì ní aṣọ alẹ́ àti fìlà gíga tí a fi ń wọlé, á dúró síta máa wòran, wọ́n á sì máa pe ohun tí ń lọ nínú ilé ní ayé àwọn ẹni gíga. Ẹ̀gàn ni wọ́n fi sọ ọ́. Orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ ọn. Ní 1933, ilé-iṣẹ́ HMV tún bẹ̀rẹ̀ sí ta ọ̀wọ́ àwo rẹ́kọ́ọ̀dù GV ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, orin Cuba ni ó sì kún inú rẹ̀. Orin tí àwọn ọmọ ẹrú, tí àwọn Yorùbá wà lára wọn, ti fi ọwọ́ sí ní òkè òkun wá padà dé etí àwọn ará ilé. Kò yani lẹ́nu pé ẹsẹ̀ gbà á kíákíá.

Bobby Benson, ọmọ Ìkòròdú, dé láti Ìlú Ọba ní 1947 pẹ̀lú aya rẹ̀ Cassandra, wọ́n sì ń ṣeré ìtàgé, orin àti ijó papọ̀. Orin òyìnbó àti ti àwọn ará Amẹ́ríkà ni ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ ń lù. Ní 1950, E. T. Mensah kó ẹgbẹ́ Tempos rẹ̀ wá sí Nàìjíríà, gbogbo nǹkan sì yí padà. Àwọn olórin Èkó rí i pé a lè fi fèrè òyìnbó kọ orin ilẹ̀ wa kí ẹlẹ́wù kóòtù sì jó o láìtijú. Victor Olaiya dá ẹgbẹ́ Cool Cats sílẹ̀ ní 1954. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Fela Ransome-Kuti ti kọrin kí ó tó lọ sí London ní 1958. Roy Chicago, ọmọ Ìkárẹ́, mú ìlù gángan wọ inú highlife, bẹ́ẹ̀ ni ìlù tí ń sọ̀rọ̀ ṣe padà sínú gbọ̀ngàn tí a ti lé e jáde.

Ijó highlife gan-an jẹ́ àdéhùn láàárín ìṣe méjì. Àwọn méjì-méjì ni ó ń jó o, wọ́n sì ń yí gbọ̀ngàn ká bí ti waltz, ṣùgbọ́n ìdìmú rẹ̀ kò le. Ọwọ́ lè dì, ọwọ́ sì lè tú. Nígbà tí ó bá tú, obìnrin á rí àyè lo ìdí àti èjìká rẹ̀ bí ìyá rẹ̀ ti ń lò ó níwájú onílù, lẹ́yìn náà á tún padà sọ́wọ́ ọkùnrin. Oníjó ń dá ìlù lóhùn, ó sì ń dá ènìyàn lóhùn, nínú orin kan ṣoṣo. Bóyá kò sí ijó mìíràn ní Èkó tí ó gba ti tọ̀tún tòsì bẹ́ẹ̀ rí.

Ohun tí àwọn arúgbó ń ṣàárò rẹ̀, bí a bá fetí sí wọn dáadáa, kì í ṣe ìgbésẹ̀ ẹsẹ̀ nìkan. Ní Caban Bamboo tí Bobby Benson ní ní ọ̀nà Ìkòròdú, àti ní àwọn òtẹ́ẹ̀lì mìíràn, tíkẹ́ẹ̀tì ni ó ń múni wọlé. Ọmọ Ìjẹ̀bú tí ń ṣe akọ̀wé rélùwéè lè lọ síwájú nọ́ọ̀sì tí ó wá láti Calabar, kí ó tẹ orí ba, kí ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, ṣé a lè jó?" Kò mọ baba rẹ̀, kò mọ ilé rẹ̀. Obìnrin náà lè gbà, ó sì lè kọ̀. Bí orin bá sì parí, ọkùnrin á sìn ín padà sí ìjókòó rẹ̀, á dúpẹ́. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí á má fi ìyìn bo òtítọ́ mọ́lẹ̀. Obìnrin tí ó bá dá lọ sí òtẹ́ẹ̀lì ń fi orúkọ rẹ̀ wéwu, ọkùnrin tí ó jókòó sí tábìlì kejì kò fi nǹkan kan wéwu. Obìnrin náà ni ó sì gbọ́dọ̀ jókòó kí wọ́n tó wá pè é, òun tí ìyá rẹ̀ kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Ní 1960, wọ́n fi highlife ṣe àjọyọ̀ òmìnira. Ní ọdún yẹn kan náà, Chubby Checker gbé àwo twist jáde ní Amẹ́ríkà, àwọn ọ̀dọ́ káàkiri ayé sì bẹ̀rẹ̀ sí jó ní ìdojúkọ ara wọn láìfọwọ́kan ara. Nítorí náà, àwọn tí wọ́n ń sọ pé Yorùbá ni ó kọ ìdìmú sílẹ̀ ń di ẹrù gbogbo ayé lé orí ẹnìkan. Ohun tí ó jẹ́ ti Nàìjíríà nínú rẹ̀ ni ogun abẹ́lé. Láàárín 1966 àti 1967, ọ̀pọ̀ afunfèrè tí wọ́n jẹ́ ọmọ Ìgbò sá kúrò ní Èkó padà sí ìlà-oòrùn, àwọn ẹgbẹ́ highlife sì tú. Nígbà tí ogun fi parí ní 1970, jùjú ti gba òde. I. K. Dairo ti fi accordion là á lọ́nà. Ebenezer Obey àti Sunny Ade sì ti kó gìtá àti gángan jọ lọ́pọ̀.

Jùjú kúrò nínú gbọ̀ngàn, ó bọ́ sí ojú títì, lábẹ́ àtíbàbà. Aṣọ ẹbí dípò tíkẹ́ẹ̀tì. Olórin á ki olówó, olówó á jó jáde, ẹbí àti ọ̀rẹ́ á yí i ká, wọ́n á máa lẹ owó mọ́ ọn níwájú orí. Owó fífún onílù kì í ṣe ohun tuntun. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí náírà ti dé ní 1973, tí owó epo rọ̀bì sì ń ya wọ̀lú, owó náà di ijó fúnra rẹ̀. A lè sọ pé àṣà àtijọ́ ni ó padà, nítorí pé ìlù tún ń pe orúkọ, obìnrin sì tún ń dìde fúnra rẹ̀. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ojú àwọn tí ń wòran ni oníjó ń dá lóhùn báyìí, àlejò tí kò ra aṣọ ẹbí kò sì ní ẹni tí yóò bá jó. Òfin Báńkì Àpapọ̀ ti 2007 sọ nínná owó lóde ijó, àti jíjó lórí owó, di ẹ̀ṣẹ̀ tí ó lè gbé ènìyàn lọ sẹ́wọ̀n fún ó kéré tán oṣù mẹ́fà, tàbí kí ó san ó kéré tán ₦50,000. Àwọn aláriyá kò fi bẹ́ẹ̀ jáwọ́.

Victor Olaiya tún orin Baby Jowo gbé jáde pẹ̀lú 2Face ní 2013, àwọn ọ̀dọ́ sì fẹ́ràn rẹ̀. Ó kú ní 2020. Gbọ̀ngàn ìgbéyàwó ni a ti sábà ń rí ìdìmú báyìí. Wọ́n á pe ọkọ àti ìyàwó jáde, orin jẹ́jẹ́ á bẹ̀rẹ̀, ọkọ á gbé ọwọ́ lé ìbàdí aya rẹ̀ tìjútìjú, wọ́n á máa mì sọ́tùn-ún sósì, nítorí kò sí ẹni tí ó kọ́ wọn ní ìgbésẹ̀. Fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú kan, ara wọn nìkan ni wọ́n ń dá lóhùn. Lẹ́yìn náà, orin á yí padà sí ti ìlù, àwọn ọ̀rẹ́ á ya bò wọ́n, náírà á máa fò, ọwọ́ á tú. Ìyàwó á na apá méjèèjì sókè, á dojú kọ àwọn èrò. Àbúrò rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú báàgì, á máa ṣa owó lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn.