Herbert Macaulay: Olórí Ẹgbẹ́ Tí Òfin Kò Gbà Kí Ó Du Ipò

Nígbà tí àwọn ará Èkó kọ́kọ́ dìbò yan aṣojú mẹ́ta sí ìgbìmọ̀ aṣòfin ní ọdún 1923, ẹgbẹ́ NNDP ni ó kó àga mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Egerton-Shyngle, Adeniyi-Jones àti Moore ni wọ́n wọlé. Ẹni tí gbogbo ìlú mọ̀ pé òun ni ó ni ẹgbẹ́ náà kò sí láàrin wọn. Òfin ti dínà mọ́ ọn.

Ilé ọlá ni wọ́n bí Herbert Macaulay sí ní Èkó, ní ọjọ́ 14, oṣù kọkànlá, ọdún 1864. Bàbá rẹ̀ ni ó dá CMS Grammar School sílẹ̀. Ìyá rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther. Ó di akọ̀wé ìjọba ní 1881. Ní 1890, ìjọba rán an lọ sí Plymouth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà àti ilẹ̀ wíwọ̀n. Nígbà tí ó padà dé ní 1893, ó di awọnlẹ̀ ìjọba.

Iṣẹ́ yìí ni ó là á lójú. Ní Èkó ìgbà náà, ẹni tí ó bá ń wọn ilẹ̀ yóò mọ ilẹ̀ tí ó jẹ́ ti ìdílé àti èyí tí ìjọba ń fojú sí. Ó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ ní 1898, ó sì ń dá iṣẹ́ náà ṣe fúnra rẹ̀.

Àwọn tí ń yìn ín a máa sáré kọjá ọdún 1913. Ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi pé ó ná owó ogún tí wọ́n fi síkàáwọ́ rẹ̀ ní ìnákúnàá, wọ́n sì sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ọdún méjì. Ẹ̀wọ̀n yìí gan-an ni kò jẹ́ kí ó lè du ipò mọ́ láéláé.

Ilẹ̀ ni ó tún gbé e dìde. Ìjọba ti gba ilẹ̀ kan ní Àpápá, wọ́n ní ẹ̀tọ́ Olóyè Olúwa, Amodu Tijani, lórí rẹ̀ kò tó ti onílẹ̀. Macaulay bá olóyè náà lọ sí London ní 1920 gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé rẹ̀, pẹ̀lú ọ̀pá àṣẹ Ọba Èṣùgbàyí Elékòó lọ́wọ́. Ní 1921, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ fún àwọn ilẹ̀ amúnisìn dájọ́ pé àwọn ará ìlú ni ó ni ilẹ̀, owó gidi ni ìjọba sì gbọ́dọ̀ san.

Ìṣẹ́gun yìí ni ó sọ ọ́ di ẹni tí ààfin, àwọn ìdílé onílẹ̀ àti àwọn ìyálọ́jà ń tẹ̀ lé. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni ó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tí owó tí ń wọlé fún un lọ́dún tó £100 nìkan ni òfin gbà kí ó dìbò. Àwọn ìyálọ́jà tí ń pariwo orúkọ rẹ̀ ní ìgboro kò ní ìbò kankan, bí òun náà kò ti ní àǹfààní láti gba àga.