Ìmúṣẹ ìdájọ́ ilẹ̀ òkèèrè àti òfin àgbáyé ní Orílẹ̀-èdè Benin

Ìmúṣẹ ìdájọ́ ilẹ̀ òkèèrè àti òfin àgbáyé ní Orílẹ̀-èdè Benin ni ọ̀nà tí ìdájọ́ tí a dá ní ilẹ̀ mìíràn, tàbí àdéhùn tí Benin bá àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ṣe, ń gbà di ohun tí àwọn ilé-ẹjọ́ àti ìjọba ilẹ̀ náà gbọ́dọ̀ tẹ̀lé. Benin, tí a ń pè ní Dahomey títí di ọdún 1975, jẹ́ ilẹ̀ kékeré láàárín Nàìjíríà àti Tógò. Àwọn Yorùbá Kétu, Sábẹ àti Àjàṣẹ́ wà lára àwọn ọmọ ilẹ̀ náà. Nítorí pé ilẹ̀ Faransé ló ṣàkóso rẹ̀ títí di ọdún 1960, ìlànà ilé-ẹjọ́ rẹ̀ yàtọ̀ gan-an sí ti Nàìjíríà tí wọ́n jọ pààlà. Nínú ìwé, àyè tí Benin fi òfin àgbáyé sí ga. Ní ti ìṣe, ọ̀pọ̀ rẹ̀ dá lórí ẹni tí ìdájọ́ náà kàn: ìdájọ́ tó kan gbèsè oníṣòwò kì í rí ìdènà tí ìdájọ́ tó kan agbára ìjọba fúnra rẹ̀ máa ń rí.

Àyè òfin àgbáyé nínú Ìwé Òfin

Ìwé Òfin Benin ti ọjọ́ 11, oṣù Kejìlá ọdún 1990 jáde lẹ́yìn Àpérò Gbogbogbò tí wọ́n ṣe ní oṣù Kejì ọdún náà. Abala 147 inú rẹ̀ sọ pé àdéhùn tí Benin bá fọwọ́ sí lọ́nà tó tọ́, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde, ga ju òfin tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣe lọ, bí ẹnì kejì nínú àdéhùn náà bá ń tẹ̀lé e pẹ̀lú. Ní Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Abala 12 nínú Ìwé Òfin ọdún 1999 níbẹ̀ sọ pé àdéhùn kò ní agbára òfin àfi bí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin bá kọ́kọ́ sọ ọ́ di òfin ilẹ̀. Bí àdéhùn bá sì tako Ìwé Òfin Benin, abala 146 kò gbà kí wọ́n fọwọ́ sí i títí wọn yóò fi tún Ìwé Òfin náà ṣe.

Àdéhùn Áfíríkà lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn àti ti Àwọn Ènìyàn, ti ọdún 1981, ní àyè tirẹ̀: abala 7 sọ ọ́ di apá kan Ìwé Òfin fúnra rẹ̀. Abala 40 tún pàṣẹ pé kí ìjọba máa kọ́ àwọn ará ìlú ní àwọn ẹ̀tọ́ wọ̀nyí ní àwọn èdè ilẹ̀ náà. Yorùbá wà lára àwọn èdè yẹn, kì í ṣe Faransé nìkan. Díẹ̀ ni Ìwé Òfin tó rántí pé ẹni tí kò gbọ́ èdè tí a fi kọ òfin kò lè mọ ohun tó tọ́ sí i.

Àpẹẹrẹ tó fi agbára abala 147 hàn jù lọ ni ti ìdájọ́ ikú. Ní ọjọ́ 5, oṣù Keje ọdún 2012, Benin wọ inú àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó fòpin sí ìdájọ́ ikú. Síbẹ̀, òfin ìwà ọ̀daràn ilẹ̀ náà kò yí padà, àwọn tí a ti dá ẹjọ́ ikú fún sì ṣì wà lẹ́wọ̀n, wọn kò mọ̀ bóyá wọn yóò kú tàbí wọn yóò yè. Ní ọjọ́ 21, oṣù Kínní ọdún 2016, nínú ìdájọ́ DCC 16-020, Ilé-Ẹjọ́ Ìwé Òfin ní Kútọnu sọ pé àdéhùn náà ti borí òfin àtijọ́: kò sí ilé-ẹjọ́ Benin tó tún lè dá ẹjọ́ ikú fún ẹnikẹ́ni. Àwọn aṣòfin kò tíì fọwọ́ kan òfin ìwà ọ̀daràn nígbà náà. Àdéhùn tí a ṣe lókè òkun ni adájọ́ fi gba ẹ̀mí là. Ní oṣù Kejì ọdún 2018, ìjọba yí ìjìyà àwọn ẹlẹ́wọ̀n mẹ́rìnlá tó kù padà sí ẹ̀wọ̀n gbére. Ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tuntun, tí wọ́n ṣe ní oṣù Kejìlá ọdún kan náà, kò ní ìjìyà ikú nínú mọ́.

Ìdájọ́ tó ti ilé-ẹjọ́ ilẹ̀ mìíràn wá

Ìdájọ́ tí adájọ́ ilẹ̀ òkèèrè dá kò ní agbára fúnra rẹ̀ ní Benin. Ẹni tó jàre gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ adájọ́ Benin, àṣẹ tí a ń pè ní exequatur, ọ̀rọ̀ Látìnì tó túmọ̀ sí «kí a mú un ṣẹ». Lẹ́yìn èyí ni òṣìṣẹ́ ilé-ẹjọ́ tó lè gbẹ́sẹ̀ lé ẹrù, ilé tàbí owó ajigbèsè.

Dahomey wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tó fọwọ́ sí Àdéhùn Tananarive ní ọjọ́ 12, oṣù Kẹsàn-án ọdún 1961, pẹ̀lú Niger, Senegal, Côte d'Ivoire àti àwọn mìíràn tí Faransé ti ṣàkóso rí. Lábẹ́ àdéhùn yìí, adájọ́ kì í tún ẹjọ́ gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ń wò ó bóyá ilé-ẹjọ́ tó dá ẹjọ́ náà ní àṣẹ láti gbọ́ ọ, bóyá òfin tó yẹ ni wọ́n lò, bóyá wọ́n pe olùjẹ́jọ́ bó ti yẹ, àti bóyá ìdájọ́ náà ti di èyí tí a kò lè pè é lẹ́jọ́ kòtẹ́milọ́rùn mọ́. Ó tún ń wò ó bóyá kò lòdì sí ìlànà ìgbé-ayé ìlú tàbí sí ìdájọ́ tí wọ́n ti dá ní ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀.

Nàìjíríà kò sí nínú Àdéhùn Tananarive. Nítorí náà, bí oníṣòwò kan láti Ifẹ̀-Olúkòtún bá jàre ajigbèsè rẹ̀ ní ilé-ẹjọ́ gíga ní Kabba, tí ajigbèsè náà sì ní ìsọ̀ ní ọjà Dantokpa ní Kútọnu, ìwé ìdájọ́ Kabba nìkan kò lè ṣí ìsọ̀ náà. Kò sì rọrùn fún ẹni tó ń bọ̀ láti Benin náà. Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1922 wà fún ìdájọ́ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn ilẹ̀ kan tó wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà náà. Òfin kejì, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1961, sì ní kí mínísítà ètò ìdájọ́ kọ́kọ́ dárúkọ ilẹ̀ tí yóò kàn. Ẹni tí òfin méjèèjì kò bá ràn lọ́wọ́ yóò pe ẹjọ́ tuntun, yóò sì fi ìdájọ́ àkọ́kọ́ ṣe ẹ̀rí gbèsè rẹ̀.

Ohun tó rọrùn jù fún àwọn oníṣòwò ńlá ni kí wọ́n gba ìdájọ́ lọ́wọ́ onílàjà tí àwọn méjèèjì yàn, nítorí pé Nàìjíríà (1970) àti Benin (1974) jọ wà nínú Àdéhùn New York ti ọdún 1958 tó ń mú irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ ṣẹ láti ilẹ̀ kan sí èkejì.

Fífa ẹni tí a fẹ̀sùn ọ̀daràn kàn lé ilẹ̀ mìíràn lọ́wọ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀. Àdéhùn tí Benin, Gánà, Nàìjíríà àti Tógò ṣe ní ọdún 1984 ló wà fún un. Ọ̀rọ̀ yìí hàn sí gbogbo ayé nígbà tí wọ́n mú Sunday Adéyẹmọ, tí a mọ̀ sí Sunday Igboho, ní Kútọnu ní oṣù Keje ọdún 2021. Wọ́n dá a dúró fún oṣù mélòó kan, ṣùgbọ́n wọn kò fà á lé Nàìjíríà lọ́wọ́.

Ilé-ẹjọ́ OHADA

Ilé-ẹjọ́ kan wà tí ìdájọ́ rẹ̀ kì í béèrè exequatur. OHADA, tí a dá sílẹ̀ ní Port Louis ní ọjọ́ 17, oṣù Kẹwàá ọdún 1993, ṣe òfin òwò kan náà fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n jẹ́ orílẹ̀-èdè 17 báyìí; Benin àti Tógò wà nínú rẹ̀, Nàìjíríà kò sí. Ilé-ẹjọ́ rẹ̀ wà ní Abidjan. Abala 20 àdéhùn náà fún ìdájọ́ Abidjan ní agbára kan náà pẹ̀lú ti ilé-ẹjọ́ ilẹ̀ fúnra rẹ̀: iṣẹ́ aláṣẹ ní Benin kò ju kí ó rí i pé ìwé náà kì í ṣe ayédèrú.

Ààlà Benin àti Niger

Ní ọdún 2001, Benin àti Niger fohùn ṣọ̀kan ní Kútọnu láti gbé ìjà wọn lórí àwọn erékùṣù inú odò Ọya lọ sí Ilé-Ẹjọ́ Àgbáyé ní Hague. Ní ọjọ́ 12, oṣù Keje ọdún 2005, ilé-ẹjọ́ náà fún Niger ní erékùṣù 16 nínú 25, Lété tó tóbi jù sì wà lára wọn. Ó fún Benin ní mẹ́sàn-án.

Benin àti ilé-ẹjọ́ Arusha

Ilé-Ẹjọ́ Áfíríkà lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn, tó wà ní Arusha ní Tànsáníà, kò lè gba ẹjọ́ taara lọ́wọ́ ará ìlú àfi bí orílẹ̀-èdè rẹ̀ bá ti kọ̀wé gbà bẹ́ẹ̀. Benin kọ ìwé yẹn ní ọjọ́ 8, oṣù Kejì ọdún 2016.

Ní ọdún 2018, ìjọba Ààrẹ Patrice Talon dá ilé-ẹjọ́ kan sílẹ̀, CRIET, fún ẹjọ́ jìbìtì owó àti ìpániláyà. Ní oṣù Kẹwàá ọdún náà, CRIET rán oníṣòwò Sébastien Ajavon, tó ṣe ipò kẹta nínú ìbò ààrẹ ọdún 2016, ní ẹ̀wọ̀n ogún ọdún lórí kokéènì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé-ẹjọ́ mìíràn ti dá a sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kan náà ní ọdún 2016. Kò sí nílẹ̀ nígbà tí wọ́n dá ẹjọ́ náà. Ní ọjọ́ 29, oṣù Kẹta ọdún 2019, ilé-ẹjọ́ Arusha sọ pé Benin ti tẹ ẹ̀tọ́ rẹ̀ lójú, ó sì ní kí wọ́n fagi lé ìdájọ́ CRIET. Wọn kò fagi lé e. Ní ọdún 2020 wọ́n tún òfin CRIET ṣe, wọ́n sì fi ẹ̀ka kòtẹ́milọ́rùn kún un, ohun tí àìsí rẹ̀ wà lára ẹ̀bi tí Arusha rí.

Ní ọjọ́ 17, oṣù Kẹrin ọdún 2020, ilé-ẹjọ́ náà pàṣẹ kí Benin dá ìbò ìjọba ìbílẹ̀ dúró títí yóò fi gbọ́ ẹjọ́ Ajavon mìíràn. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ìjọba kéde pé òun ti yọ ìwé ọdún 2016 padà, ó ní ilé-ẹjọ́ Arusha ti ń kọjá àyè rẹ̀. Ìbò náà wáyé ní ọjọ́ 17, oṣù Karùn-ún. Ìyọpadà gba ọdún kan kó tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, Arusha kò sì dúró: ní oṣù Kọkànlá àti oṣù Kejìlá ọdún 2020, ó sọ pé àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí Ìwé Òfin ní ọjọ́ 1, oṣù Kọkànlá ọdún 2019 kò bá ìlànà ìfohùnṣọ̀kan mu, kí wọ́n pa á rẹ́. Lábẹ́ àtúnṣe yẹn náà ni wọ́n ṣe ìbò ààrẹ ní oṣù Kẹrin ọdún 2021. Abala 7 kò yí padà: Àdéhùn Áfíríkà ṣì jẹ́ apá kan Ìwé Òfin. Ẹni tó lè lọ bá ilé-ẹjọ́ tó ń túmọ̀ rẹ̀ ni ó yí padà.

Láti ọjọ́ 26, oṣù Kẹta ọdún 2021, ará Benin kò lè gbé ẹjọ́ tuntun lọ sí Arusha fúnra rẹ̀ mọ́. Ilé-Ẹjọ́ ECOWAS ní Àbújá ṣì ṣí sílẹ̀ fún un láti ọdún 2005, kò sì pọn dandan kí ó kọ́kọ́ parí ẹjọ́ nílé. Ṣùgbọ́n ìlànà ilé-ẹjọ́ ilẹ̀ tó jẹ̀bi náà ni wọn yóò fi mú ìdájọ́ rẹ̀ ṣẹ.