Atamátàsé Kan Ò Tó Ikọ̀: Ìdí Tó Fi Yẹ Ká Máa Pín Eré fún Àwọn Agbábọ́ọ̀lù Iwájú

Ní ọjọ́ 16 oṣù Kọkànlá ọdún 2025, ní ìlú Rabat lórílẹ̀-èdè Mòrókò, Super Eagles àti DR Congo wà ní ọ̀mì 1-1 nígbà tí wọ́n lọ sinmi ní ìlàjì eré. Nígbà tí àwọn agbábọ́ọ̀lù padà sórí pápá, Victor Osimhen kò sí láàárín wọn mọ́. Ó ti fara pa, Tolu Arokodare ló sì rọ́pò rẹ̀. Láti ìgbà náà títí dé òpin àfikún àkókò, ìṣẹ́jú 75 gbáko, Nàìjíríà kò ju bọ́ọ̀lù kankan sáwọ̀n. Wọ́n wá gbá pẹnáritì, DR Congo borí pẹ̀lú 4-3, ọ̀nà Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé sì dí mọ́ Nàìjíríà lẹ́ẹ̀kejì léra wọn.

Ní Ẹdẹ, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, bọ́ọ̀lù kì í tán lẹ́nu nígbà tí rẹfirí bá fọn fèrè ìkẹyìn. Ní àwọn ilé tí wọ́n ti ń sanwó wo bọ́ọ̀lù, láti Òkè-Gádà dé Àkódà, akẹ́kọ̀ọ́ Federal Polytechnic, awakọ̀, télọ̀ àti mẹkáníìkì máa ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà. Ọ̀rọ̀ tó sì máa ń dá ìjà ẹnu sílẹ̀ jù láàárín wọn ni ti ẹni tó yẹ kó wà níwájú àti ẹni tó yẹ kó jókòó. Ọ̀kan á ní ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dá a lójú, ẹ má yọ ọ́ rárá. Èkejì á ní ó ti rẹ ẹ́, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn wọlé. Àwọn méjèèjì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ọjọ́ ìdíje gan-an ni wọ́n ń dá irú ìpinnu bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí ń jà fún ni pé ọ̀pọ̀ oṣù ṣáájú ọjọ́ ìdíje ni wọ́n ti máa ń yan atamátàsé, kì í ṣe ní ìṣẹ́jú tí ẹni àkọ́kọ́ bá di ẹsẹ̀ mú. Akọ́nimọ̀ọ́gbá tí kò bá fún ẹnìkejì ní eré gidi nígbà tí nǹkan rọrùn, kò lè rí i lò nígbà tí nǹkan bá le. Pípín eré fún àwọn agbábọ́ọ̀lù iwájú kò tàbùkù ẹni tó mọ̀ ọ́n gbá jù. Òun ló ń dáàbò bo ẹni náà, tó sì ń dáàbò bo ikọ̀.

Òfin bọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ ti ń tì wá síbẹ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Kó tó di Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ọdún 1970, kò sí ààyè fún àrọ́pò nínú ìdíje náà. Ẹni tó bá fara pa, àfi kó máa tiro kiri tàbí kí ikọ̀ rẹ̀ gbá a ní ènìyàn mẹ́wàá. Ní 1970, wọ́n gba ènìyàn méjì láàyè. Láàárín ọdún 1990 sí 1999, ó di mẹ́ta. Ní ọdún 2020, nígbà tí àrùn kòrónà mú kí ìdíje pọ̀ jọ sójú kan, ó di márùn-ún fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó fi máa di 2022, wọ́n sọ ọ́ di òfin tó dúró. Bí a bá yọ aṣọ́lé sẹ́yìn, ènìyàn mẹ́wàá ló kù lórí pápá. Márùn-ún nínú mẹ́wàá, ìdajì nìyẹn. Ikọ̀ tí kò bá ní ju atamátàsé kan tó ṣeé fọkàn tán lọ ti ju àǹfààní òfin yìí nù kí eré tó bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ara tún wà níbẹ̀. Eré àsápajúdé ni iṣẹ́ ọwọ́ iwájú: á dúró, á sáré lójijì, á tún dúró, á yí bìrí, á fò sókè pẹ̀lú agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn tó ga jù ú lọ. Irú eré bẹ́ẹ̀ ló ń fa iṣan ẹ̀yìn itan já. Ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù ní ọjọ́ Àìkú, tó wọ ọkọ̀ òfuurufú ní ọjọ́ Ajé, tó tún gbá òmíràn ní ọjọ́rú, ń fi iṣan náà ta tẹ́tẹ́.

Ìtàn bọ́ọ̀lù Nàìjíríà gan-an ń jẹ́rìí sí èyí. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹta ọdún 1980, ní Èkó, Nàìjíríà na Algeria ní 3-0 láti gba ife Áfíríkà àkọ́kọ́. Segun Odegbami, ọmọ ikọ̀ IICC Shooting Stars ti Ìbàdàn, ló gbá méjì wọlé, ẹgbẹ́ ọ̀tún ló sì ti máa ń gbá. Muda Lawal, tí òun náà jẹ́ ọmọ Shooting Stars, ló gbá ẹ̀kẹta wọlé láti àárín. Ikọ̀ tí Otto Glória, ọmọ Brazil, kọ́ kò fi gbogbo góòlù dúró de ẹnìkan tó wà níwájú ilé.

Ọdún 1994 ló wá fi ọ̀rọ̀ náà hàn kedere. Kò sí ẹni tí kò mọ Rashidi Yekini nígbà náà. Ó ti gbá bọ́ọ̀lù fún Shooting Stars ní Ìbàdàn àti Abiola Babes ní Abẹ́òkúta kó tó gba Abidjan kọjá sí Vitória Setúbal ní Pọtogí. Ní 1993, òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ní Áfíríkà. Nígbà tí ife Áfíríkà dé Tùnísíà ní 1994, góòlù márùn-ún ló gbá wọlé, kò sì sí ẹni tó gbá tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ àṣekágbá, 10 oṣù Kẹrin, Zambia kọ́kọ́ gbá tiwọn wọlé, wọ́n sì mọ ẹni tí wọ́n ní láti ṣọ́. Yekini kò rí àwọ̀n ní ọjọ́ yẹn. Emmanuel Amunike, tí kì í ṣe ẹni tí akọ́nimọ̀ọ́gbá Clemens Westerhof gbójú lé jù láti ìbẹ̀rẹ̀ ìdíje náà, ló dá góòlù náà padà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, tó tún gbá èkejì wọlé ní kété tí wọ́n ti ìsinmi dé. Nàìjíríà 2, Zambia 1.

Ní oṣù Kẹfà ọdún kan náà, ní Dallas, Finidi George gbá bọ́ọ̀lù wálẹ̀ láti ẹgbẹ́ ọ̀tún, Yekini sì tì í sáwọ̀n Bulgaria. Ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ inú àwọ̀n, ó ń ké sókè; àwòrán yẹn kò kúrò lójú ẹnikẹ́ni tó wo ìdíje náà. Góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà gbá wọlé ní Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé nìyẹn. Ohun tí àwòrán náà bò mọ́lẹ̀ ni ìṣirò tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Góòlù méje ni Nàìjíríà gbá wọlé ní Amẹ́ríkà ní ọdún yẹn: Amokachi méjì, Amunike méjì, Yekini ọ̀kan, Siasia ọ̀kan, Finidi ọ̀kan. Ènìyàn márùn-ún ló pín in. Ìyẹn ló mú kí ikọ̀ náà ṣòro láti ṣọ́, nítorí ọ̀nà kan ò wọ ọjà.

Àwọn ará Ẹdẹ tó ń tẹ̀lé Manchester United mọ ẹ̀rí mìíràn dáadáa. Ní sáà 1998 sí 1999, atamátàsé mẹ́rin ni Alex Ferguson ní: Dwight Yorke, Andy Cole, Teddy Sheringham àti Ole Gunnar Solskjaer. Yorke àti Cole ló máa ń bẹ̀rẹ̀ eré. Solskjaer kò fi ìjókòó rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì ṣeré: ó máa ń wo àwọn agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn, ibi tí wọ́n ń fi sílẹ̀, ẹsẹ̀ tí wọ́n fi ń yí. Ní oṣù Kejì ọdún 1999, ó wọlé sí Nottingham Forest nígbà tí eré ti ń lọ sópin, ó sì gbá mẹ́rin wọlé. Nígbà tí àṣekágbá Champions League wá dé ní Barcelona ní ọjọ́ 26 oṣù Karùn-ún, Bayern Munich ti ṣíwájú pẹ̀lú góòlù kan títí 90 ìṣẹ́jú fi pé. Sheringham, tó wọlé bí àrọ́pò, dá a padà. Láìpẹ́, Beckham gbá kọ́nà, Sheringham fi orí kàn án, Solskjaer na ẹsẹ̀, bọ́ọ̀lù fò lọ bá òrùlé àwọ̀n. Àwọn àrọ́pò méjì ló gba ife náà. Bí Ferguson bá ti pa wọ́n tì láti oṣù Kẹjọ, orí wọn kò lè wà níbẹ̀ ní oṣù Karùn-ún.

Àtakò tó lágbára jù sí èrò yìí ni pé atamátàsé nílò eré lemọ́lemọ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó gbóná, pé bí a bá ń yọ ọ́, tí a ń fi í padà, ọkàn rẹ̀ á pòrúurùu. Àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń tọ́ka sí Osimhen fúnra rẹ̀ ní Napoli. Ní sáà 2022 sí 2023, góòlù 26 ló gbá wọlé ní Serie A, góòlù rẹ̀ ní Udine ní ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún ló sì fi adé líìgì dé Napoli lórí lẹ́yìn ọdún 33. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká yẹ sáà yẹn wò fínnífínní. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, Osimhen fara pa nígbà tí wọ́n ń gbá Liverpool. Nígbà tí Napoli lọ bá Milan nílé ní oṣù yẹn láìsí i, Giovanni Simeone ló wọlé láti orí bẹ́ǹṣì tó gbá góòlù tó fún wọn ní 2-1. Ní oṣù Kìíní ọdún 2023, Osimhen ti gbá ọ̀kan wọlé sí Roma kó tó jáde, Simeone tún wọlé, ó tún gbá èyí tó borí wọlé. Ní oṣù Kẹrin, ní Turin, Giacomo Raspadori ló gbá góòlù kan ṣoṣo sí Juventus nígbà tí 90 ìṣẹ́jú ti kọjá. Luciano Spalletti, akọ́nimọ̀ọ́gbá Napoli nígbà náà, kò fi Osimhen sílẹ̀ ní òun nìkan. Ó ní ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó sì ń lò wọ́n. Ikọ̀ tí wọ́n fi ń tako pípín eré ni ẹ̀rí tó dára jù fún un.

Àtakò kejì wúwo díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ: ṣé pípààrọ̀ kì í ba iṣẹ́ jẹ́? Ó lè bà á jẹ́, bí a kò bá wo irú eré tó wà níwájú. Bayer Leverkusen kò fìdí rẹmi nínú ìdíje 51 ní sáà 2023 sí 2024, lábẹ́ Xabi Alonso tó ń pín eré láàárín Victor Boniface, ọmọ tí wọ́n bí ní Àkúrẹ́, àti Patrik Schick. Nígbà tí Boniface fara pa ní oṣù Kìíní, Schick wà nílẹ̀. Títí dé ibẹ̀, gbogbo rẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n ní àṣekágbá Europa League ní Dublin, ní ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún, Alonso fi atamátàsé méjèèjì sórí bẹ́ǹṣì, ó sì fi Amine Adli síwájú. Kó tó di pé Boniface wọlé lẹ́yìn ìlàjì eré, Ademola Lookman, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Lọ́ńdọ̀nù, ti gbá méjì wọlé fún Atalanta. Ní ti èkejì, ó ki bọ́ọ̀lù gba àárín ẹsẹ̀ Granit Xhaka, ó sì fi ẹsẹ̀ ọ̀tún yí i lọ sí igun òdìkejì láti ìta àpótí. Ó tún gbá ẹ̀kẹta. Atalanta 3, Leverkusen 0.

Ẹ̀kọ́ Dublin kọ́ ni pé kí a má pààrọ̀ rárá. Atalanta gan-an ń pààrọ̀ ọwọ́ iwájú wọn: ní sáà yẹn, Scamacca, Koopmeiners, Lookman àti De Ketelaere ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gbá góòlù mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní Serie A. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ni pé Gasperini, akọ́nimọ̀ọ́gbá Atalanta nígbà náà, ń fi ẹni tó mọ iṣẹ́ náà rọ́pò ẹni tó mọ̀ ọ́n, nígbà tí Alonso, ní ọjọ́ kan ṣoṣo tó ṣe pàtàkì jù, yọ iṣẹ́ atamátàsé kúrò pátápátá.

Bí a bá ń pín eré, ọ̀rọ̀ ẹnu náà ń ṣiṣẹ́. Ní oṣù Kejì ọdún 2025, Lookman ti ìpalára dé, wọ́n fi í wọlé sí Club Brugge lẹ́yìn ìlàjì eré, ó gbá góòlù kan wọlé kíákíá, ó sì wá pàdánù pẹnáritì. Gasperini bú u ní gbangba pé ó wà lára àwọn tí kò mọ pẹnáritì gbá jù. Lookman dáhùn pé ìwọ̀sí ni. Àárín wọn kò gún mọ́. Ẹni tó bá jókòó fún ire ikọ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé wọn ò kà á sí ẹni tí kò wúlò, akọ́nimọ̀ọ́gbá ló sì ni ojúṣe láti sọ bẹ́ẹ̀ fún un ní kọ̀rọ̀, kí ó tó bá akọ̀ròyìn sọ ohunkóhun.

Gbogbo èyí tún padà sí ọ̀dọ̀ Super Eagles. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, Osimhen fara pa nígbà tí wọ́n ń gbá Rwanda ní Uyo. Arokodare ló gbá góòlù kan ṣoṣo ọjọ́ náà. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n gbá ọ̀mì 1-1 pẹ̀lú South Africa ní Bloemfontein, agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn, Calvin Bassey, ló sì gbá ti Nàìjíríà wọlé. Ní oṣù Kẹwàá, Osimhen padà, ó gbá mẹ́ta sí Benin. Ní oṣù Kọkànlá, ó gbá méjì sí Gabon ní àfikún àkókò. Ọjọ́ mẹ́ta péré lẹ́yìn ìṣẹ́jú 120 yẹn ni ti DR Congo. Ta ló yà lẹ́nu pé ara kọ̀ fún un?

Kì í ṣe pé Arokodare kò mọ bọ́ọ̀lù gbá. Ní sáà 2024 sí 2025, òun ló gbá góòlù wọlé jù ní líìgì Belgium fún Genk. Ohun tó sọnù ni eré tí òun àti Lookman ì bá ti jọ gbá pọ̀ tẹ́lẹ̀, kí ìkíní-kejì mọ ibi tí ẹnìkejì máa ń sáré sí. Kò sí akọ́nimọ̀ọ́gbá tó lè kọ́ ẹnikẹ́ni ní ìyẹn láàárín ìlàjì eré.

Ibi tí àtúnṣe ti lè bẹ̀rẹ̀ kò jìnnà sí Ẹdẹ. Ní Òṣogbo nítòsí, àti ní àwọn ìlú mìíràn tó ní ikọ̀ líìgì, ọ̀nà ilẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ikọ̀ ń gbà lọ sí ìdíje. Agbábọ́ọ̀lù á jókòó sínú ọkọ̀ fún wákàtí púpọ̀, á sì gbá bọ́ọ̀lù nínú oòrùn lọ́jọ́ kejì. Ibẹ̀ gan-an ni pípín eré ti yẹ kó jẹ́ àṣà. Kí ikọ̀ kọ̀ọ̀kan máa kọ iye ìṣẹ́jú tí atamátàsé kọ̀ọ̀kan gbá sílẹ̀, bí wọ́n ti ń kọ góòlù. Kí ẹnìkejì máa bẹ̀rẹ̀ eré gidi, kì í ṣe ìṣẹ́jú márùn-ún ìkẹyìn nígbà tí ikọ̀ ti ṣíwájú pẹ̀lú góòlù mẹ́ta. Kí wọ́n kọ́ àwọn ọmọ tó ń bọ̀ ní ju ọ̀nà kan lọ láti gbá iwájú. Ní ti Super Eagles, ife Áfíríkà ọdún 2027 ń bọ̀ ní Kenya, Uganda àti Tanzania. Àwọn ìdíje ìpegedé rẹ̀ àti ìdíje ọ̀rẹ́sọ́rẹ̀ẹ́ tó wà ṣáájú rẹ̀ ló yẹ kí Nàìjíríà fi mọ ẹni tó máa wọlé bí Osimhen bá tún jáde, kí wọ́n sì fún un ní 90 ìṣẹ́jú léraléra kí ọjọ́ náà tó dé.