Skua, bàálù ogun
Bàálù ẹlẹ́ni-méjì tí ilé-iṣẹ́ Blackburn ṣe fún ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì. Ó kọ́kọ́ fò ní oṣù Kejì 1937. Orí ọkọ̀ ojú omi ló ti ń gbéra, ìyẹ́ rẹ̀ sì ṣeé ká mọ́ra. Wọ́n ní kó máa sọ bọ́ǹbù, kó tún máa lé bàálù ọ̀tá. Ti bọ́ǹbù ló mọ̀ ọ́n ṣe jù. Ní oṣù Kẹrin 1940, Skua 16 gbéra láti Orkney, wọ́n fi bọ́ǹbù tẹ Königsberg, ọkọ̀ ogun Jámánì, rì ní Bergen. Ní oṣù Kẹsàn-án, láti orí ọkọ̀ ojú omi Ark Royal, wọ́n kọjú ìjà sí Faransé, tó ti túúbá fún Jámánì nígbà náà, ní Dakar, ṣùgbọ́n bàálù Curtiss Hawk tí wọ́n bá níbẹ̀ yára jù wọ́n lọ fíìfíì. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, Gẹ̀ẹ́sì padà lọ́wọ́ òfo. Bàálù Fulmar gba ipò Skua ní 1941.