Ilé-Ẹ̀kọ́ Tó Kó Ọmọ Òwu àti Ọmọ Gbágùrá Pọ̀

Nígbà tí àwọn Òwu, tí ogun ti tú ìlú wọn ká, dé Abẹ́òkúta ní nǹkan bí ọdún 1834, wọ́n bá Ẹ̀gbá Aláké, Òkè-Ọnà àti Gbágùrá níbẹ̀, ìpín kọ̀ọ̀kan sì di àdúgbò àti oyè tirẹ̀ mú. Baptist Boys' High School, tí ìjọ Onítẹ̀bọmi dá sílẹ̀ ní 1923, wà lára ohun tó kó àwọn ọmọ wọn pọ̀ láìsí ipá, nítorí òbí fúnra rẹ̀ ló ń yàn án. Nínú The Trumpeter, ìwé ìròyìn ilé-ẹ̀kọ́ náà, Moshood Abíọ́lá, ọmọ Gbágùrá, ni olóòtú, Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, ọmọ Òwu, sì ni igbákejì rẹ̀. Ohun ìwúrí gbáà ni èyí, nítorí òfin kankan kò pa á láṣẹ.

Ìjọba àpapọ̀ ló wá sọ irú ìdàpọ̀ bẹ́ẹ̀ di ètò ní 1966, nígbà tó dá ilé-ẹ̀kọ́ ìṣọ̀kan, ìyẹn ilé-ẹ̀kọ́ girama tí ń fi ìdánwò gba ọmọ láti ìpínlẹ̀ gbogbo, sílẹ̀ ní Ṣókótó àti Warri. Ti Òdogbolú, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, tẹ̀lé e ní 1973. Ṣùgbọ́n máàkì tí wọ́n fi ń wọlé kò dọ́gba láti ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀, àwọn òbí sì ń ráhùn lórí rẹ̀ títí di òní.