Ta Ló Ń Ṣọ́ Ẹni Tó Sùn ní Tíátà?

Ó ṣòro kí ẹ rí ìdílé kan láàárín wa tí ẹnì kan ò tíì lọ sí LASUTH n'Ìkẹjà. Ọdún 1955 ni ìjọba Western Region dá a sílẹ̀, ilé ìwòsàn kékeré ni. 2001 ló di ti yunifásítì. Tí wọ́n bá ní iṣẹ́ abẹ kan èèyàn wa, kì í ṣe ọ̀bẹ ni wọ́n máa ń bẹ̀rù jù, oorun yẹn ni. Ṣé mo máa jí? Ṣé mi ò ní jí nígbà tí wọ́n ṣì ń gé mi lọ́wọ́? Ìbẹ̀rù yẹn ní ìtàn.

Oṣù October 1846 ni Morton fi ether han àwọn dókítà ní Boston. Aláìsàn á máa fà á símú díẹ̀díẹ̀, oorun ẹ̀ kì í tètè dé. Àìtètè dé yẹn gan-an ló wúlò fún ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Lọ́dún 1920, Arthur Guedel, ará Amẹ́ríkà tó ṣiṣẹ́ nígbà ogun àgbáyé kìíní, pín oorun náà sí ipele mẹ́rin. Ìkíní, ẹni náà ṣì ń gbọ́rọ̀. Ìkejì, á máa jà, ó lè bì. Ìkẹta, èémí á ṣe déédéé, ẹyinjú á dúró: ìgbà yẹn lọ̀bẹ ń wọlé. Ìkẹrin, èémí á dáwọ́ dúró, ẹ sì mọ ohun tó kàn. Ojú lásán ni wọ́n fi ń mọ gbogbo èyí.

Ní 1934 ni thiopental dé, abẹ́rẹ́ inú iṣan ẹ̀jẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú kan, ó ti parí, kò sí ìjà. Aláìsàn fẹ́ràn ẹ̀, àmọ́ ó ń fo ipele ìkíní àti ìkejì kọjá wìì, àwọn àmì tí wọ́n ń wò ò fara hàn mọ́. Ní 1942, wọ́n tún fi curare kún un ní Kánádà, èyí tó ń mú kí iṣan ara dẹ̀ pátápátá. Ẹni tó bá jí ò lè gbọ́wọ́ sókè. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ìbẹ̀rù yẹn ti wá lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Kò wọ́pọ̀ ṣá: ìwádìí NAP5 ti 2014, ní Britain àti Ireland, rí bí ẹnì kan nínú 19,000 tó ní òun jí.

Tó bá jẹ́ ti gáàsì, ẹ̀rọ lè wọn èyí tí aláìsàn ń mí jáde. Ti abẹ́rẹ́ bíi propofol, ìṣirò ni. Ìdí nìyẹn tí BIS fi wúlò, ẹ̀rọ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ iwájú orí, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 1996. Ó ń ka iṣẹ́ ọpọlọ láti 0 dé 100. 40 sí 60 ni wọ́n ń fẹ́. Ṣùgbọ́n ketamine, tí wọ́n ń lò gan-an nílẹ̀ wa, máa ń da kíkà ẹ̀ rú: ojú aláìsàn lè là sílẹ̀ kó má mọ nǹkan kan.

Èèyàn ló ṣì gbọ́dọ̀ wà lápá orí ẹ̀, kó máa ṣọ́ èémí, ìfúnpá àti ọkàn. Tẹ́ ẹ bá mú ẹbí lọ, ẹ béèrè ẹni yẹn. Ẹ sọ oúnjẹ tó jẹ kẹ́yìn fún un, kódà kó jẹ́ ẹ̀kọ mímu lásán, torí èébì lè gba ọ̀nà èémí lọ nígbà tí ẹni náà ò mọ̀.