Kì Í Ṣe 1974 Ni Pápákọ̀ Òfuurufú Gdańsk Bẹ̀rẹ̀

Bàbá tó ń dáhùn ìbéèrè yìí ti fa kẹ̀kẹ́ ẹrù ní pápákọ̀ méjèèjì tí Gdańsk ti ní, létí òkun Baltic ní àríwá Pólàndì. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń bi í.

ỌMỌ: Bàbá àgbà, olùkọ́ wa sọ pé 2 May 1974 ni wọ́n ṣí pápákọ̀ òfuurufú wa ní Rębiechowo. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

BÀBÁ: Ọjọ́ yẹn tọ̀nà, ìtàn rẹ̀ ni kò pé. Ilé la kó lọ́dún náà. Bí ìdílé kan bá ṣí kúrò ládùúgbò kan bọ́ sí òmíràn, ṣé ọjọ́ tí wọ́n dé ilé tuntun la máa sọ pé wọ́n bí bàbá ńlá wọn? Wrzeszcz la ti ṣí wá. Nígbà tí àwọn Jámánì ń ṣàkóso ibí, Langfuhr ni wọ́n ń pè é, pápá tí àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin ti ń yan ló wà níbẹ̀. Kí Ogun Àgbáyé Kìíní tó bẹ́ sílẹ̀ ni bàálù ti ń gbéra lórí rẹ̀. Ogun parí, wọ́n ya Gdańsk sọ́tọ̀ ní 1920, ó di ìlú òmìnira lábẹ́ ààbò Àjọ Àwọn Orílẹ̀-Èdè: kò sí lábẹ́ Jámánì, kò sí lábẹ́ Pólàndì.

Wàyí o, ibi tí mo fẹ́ kí o tẹ́tí sí nìyí. Ní 5 September 1922, ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Aerolloyd bẹ̀rẹ̀ sí í fi bàálù kó èrò láti Gdańsk lọ sí Warsaw, àti láti Warsaw lọ sí Lwów. Ignacy Wygard tó wà nídìí òwò epo rọ̀bì ló dá a sílẹ̀. Junkers F 13 ni bàálù wọn. Irin ni gbogbo ara rẹ̀, nígbà tí bàálù àwọn ẹlòmíràn ṣì jẹ́ igi àti aṣọ, bẹ́ẹ̀ èrò mẹ́rin péré ló ń gbà. Àwọn ará Poznań yóò sọ fún ọ pé Aero-Targ tiwọn ti fò ní 1921. Wọ́n fò lóòótọ́, nítorí ọjà ńlá tí wọ́n ń ná ní Poznań ni, ọjà tú, wọ́n sì ká ìyẹ́ wọn. Aerolloyd ló dúró. Ó di Aerolot ní 1925, ìgbà tí LOT tó jẹ́ ilé-iṣẹ́ bàálù ìjọba sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1929, Aerolot wà lára ohun tí wọ́n pò mọ́ ọn. Nítorí náà, nígbà tí àwọn ará Warsaw bá ń fi LOT yangàn, máa wò wọ́n níran. Pápákọ̀ Okęcie tí wọ́n gbójú lé, 1934 ni wọ́n ṣí i. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.

ỌMỌ: Ṣebí Warsaw ti ní pápá bàálù ní Mokotów ṣáájú Okęcie?

BÀBÁ: Okęcie ni mo sọ.

ỌMỌ: Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì ńkọ́?

BÀBÁ: Àwọn Jámánì fi jagun, ìlú jó ní 1945, Pólàndì gbà á. Bi mí ní òmíràn.

ỌMỌ: Kí ló wá lé yín kúrò ní Wrzeszcz?

BÀBÁ: Ilé ni. Gdańsk ń fẹ̀, ó sì ká wa mọ́ àárín. Nígbà tí LOT ń fi Li-2 àti Il-14 ná ibí, kò sí wàhálà. Bàálù tó ń bọ̀ lẹ́yìn wọn ń fẹ́ ọ̀nà gígùn tó máa sá kó tó gbéra, a ò sì ní ibi tí a lè fà á gùn sí. Ìjọba náà ń wá ilẹ̀ tí wọ́n máa kọ́lé fún òṣìṣẹ́ lé, ojú wọn wọ pápá wa. Wọ́n gbé wa lọ sórí òkè Kashubia, wọ́n to ilé gogoro sórí pápá. Ibẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Zaspa lónìí. Lọ wò ó, wàá rí àjákù ọ̀nà bàálù náà láàárín àwọn ilé. Wọ́n sì fi Pilotów, ìyẹn àwọn awakọ̀ òfuurufú, sọ òpópónà kan níbẹ̀.

Ta ló wá gbé ní òpópónà yẹn nígbà kan? Lech Wałęsa. Oníṣẹ́ iná mànàmáná tí ìtàn ní ó fo ògiri wọ ọgbà tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi ní August 1980, tó ṣáájú ìyanṣẹ́lódì tó bí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ Solidarność. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ti àlàáfíà ní 1983, kò lè lọ gbà á ní Oslo, torí ẹ̀rù ń bà á pé ìjọba Kọ́múníìsì ò ní jẹ́ kó wọlé mọ́. Danuta ìyàwó rẹ̀ ló lọ. Lónìí, ọ̀dọ́ tó ń ṣiṣẹ́ ní Nọ́wè máa ń wọ bàálù ní pápákọ̀ tó ń jẹ́ orúkọ ọkùnrin yẹn, kò sẹ́ni tó máa bi í ìgbà tó ń bọ̀. Kò tán síbẹ̀. Ní 12 June 1987, Póòpù John Paul Kejì, ọmọ Pólàndì bíi tiwa, ṣe Máàsì lórí ilẹ̀ Zaspa, níbi tí mo ti fa kẹ̀kẹ́ ẹrù. Marian Kołodziej ṣe pẹpẹ rẹ̀ bí ọkọ̀ ojú omi ràgàjì. Wọ́n ní èrò ibẹ̀ tó mílíọ̀nù kan.

Nígbà tó wá di 2004, wọ́n fi orúkọ Wałęsa pe Rębiechowo. Ẹni tó bá ní wọ́n kàn wá orúkọ olókìkí lẹ̀ mọ́ ọn ni, kò mọ̀tàn. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ọkùnrin náà gbé lórí ilẹ̀ pápákọ̀ wa àtijọ́, orúkọ rẹ̀ sì tẹ̀ lé wa lọ sí tuntun.

ỌMỌ: Bàbá, ọ̀rọ̀ ìwé ọlọ́pàá inú tí wọ́n gbé jáde nípa rẹ̀, pé ó ṣe amí fún wọn, ńkọ́?

BÀBÁ: Kóòtù dá a láre ní 2000, wọ́n gbé ìwé mìíràn jáde ní 2016, òun sì ní irọ́ ni. Pápákọ̀ la ń sọ.

ỌMỌ: Ó dáa. Báwo ló ṣe wá tóbi tó báyìí?

BÀBÁ: Ní 1 May 2004, Pólàndì wọ Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù. Òfuurufú ṣí. Wizz Air dé, Ryanair dé, ẹni tí kò wọ bàálù rí bẹ̀rẹ̀ sí í bá a lọ ṣiṣẹ́ ní Ìlú Ọba. Wọ́n kọ́ gbọ̀ngàn èrò kejì, ó ṣí ní 2012 kí ìdíje bọ́ọ̀lù Yúróòpù tó bẹ̀rẹ̀. Ní 2019, èrò wa ti ju mílíọ̀nù 5 lọ. Ní 2024, ó ju mílíọ̀nù 6 lọ. Lẹ́yìn Warsaw àti Kraków, àwa ló kàn.

Ohun tó dùn mí ni ti Gdynia. Ìlú Gdynia ní ìpín nínú ilé-iṣẹ́ pápákọ̀ tiwa, pẹ̀lú Gdańsk, Sopot, ìpínlẹ̀ Pomerania àti ilé-iṣẹ́ pápákọ̀ ìjọba àpapọ̀. Síbẹ̀ wọ́n kówó ìlú lọ sọ pápá ológun Kosakowo di pápákọ̀ èrò, kìlómítà 25 sí wa! A ò tíì kún, wọ́n ń kọ́ òmíràn. Ní 2014, Àjọ Yúróòpù ní owó tí wọ́n ná síbẹ̀ lòdì sí òfin, kí wọ́n dá a padà. Ilé-iṣẹ́ náà wó lọ́dún yẹn kan náà, láìgbé èrò kan tó sanwó ìrìn déédéé.

ỌMỌ: Ilé-iṣẹ́ bàálù OLT Express tó fìdí kalẹ̀ sọ́dọ̀ yín, tó sì ṣubú ní 2012 ńkọ́?

BÀBÁ: Owó gbájúẹ̀ ilé-iṣẹ́ Amber Gold ni wọ́n fi ń fò. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Tí o bá ṣì ń ṣiyèméjì lórí ìdílé wa, wọ ọkọ̀ ojú irin. Láti 1 September 2015 ni ọkọ̀ ojú irin Pomerania ti ń gbé èrò láti Wrzeszcz gòkè lọ sí pápákọ̀. Apá kan ọ̀nà rẹ̀ gba ibi tí ojú irin àtijọ́ gbà, èyí tí wọ́n fọ́ afárá rẹ̀ ní 1945.

ỌMỌ: Bí kùrukùru ṣe ń dé bá a lórí òkè yẹn, tí bàálù ń lọ balẹ̀ sí ìlú mìíràn, ṣé ẹ ò rò pé ó yẹ kẹ́ ẹ dúró sí Wrzeszcz?

BÀBÁ: Ọ̀nà bàálù wa lónìí gùn tó mítà 2,800. Nínú pálọ̀ ta ni wọ́n fẹ́ kí n tẹ́ ẹ sí?